Bí Ìwé Ìjọ Ṣe Ń Pe Bàbá Ọláníkẹ́

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2019, Ọláníkẹ́ ọmọ Zechariah kú. Ọ̀kadà ló gbé e láti Àgọ́-Ìwòyè, kò sì dé Ọ̀rù. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Wọ́n sin ín ní Sátidé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tó di Ọjọ́ Àìkú, Zechariah wọ sùtánà rẹ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sídìí tábìlì akọ̀wé tó ti ń jókòó sí láti ọdún méjìlélógún, ó sì ka ìkéde láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Àwọn obìnrin tó ti mú áńkáṣíìfù dání láti bá a sunkún dá a padà sínú báàgì.

Zechariah kì í ṣe ohun tí kò sí létò. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń la pákó nílùú náà, kò sì sí gẹdú kan tó wọlé tàbí tó jáde tí kò ní nọ́ńbà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìwé ìjọ ló gbájú mọ́: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìrìbọmi, ẹgbẹ́, ọjọ́ ikú. Ìwé ńláńlá mẹ́rin ni. Eku ti jẹ ọ̀kan nínú wọn dé ìdajì.

Eku yẹn ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ọdún 2016. Ọláníkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ó rí ìwé tí eku jẹ, ó sì ní òun máa kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Eku kò lè dé ibẹ̀, Bàbá."

"Olè ńkọ́?"

"Olè wo ló fẹ́ ọjọ́ ìrìbọmi àwọn èèyàn yín?"

Ó ṣàlàyé pé òun kò ní í bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Àwọn kan ti kọ́ ètò kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀ bí ilé tó ti dé òrùlé, Django lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á ló máa pín yàrá bó ṣe fẹ́. Irú nǹkan kọ̀ọ̀kan tí a bá fẹ́ kọ sílẹ̀ nínú rẹ̀ ní àpèjúwe tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mọ́dẹ̀lì. Tiwọn ni Ọmọ Ìjọ.

"Kí ni Django yìí mọ̀ nípa ọmọ ìjọ?" ni Zechariah bèèrè.

"Kò mọ nǹkan kan. Ó mọ bí a ṣe ń wá orúkọ rí, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, bí a ṣe ń pa á rẹ́."

"Ta ló fún un láṣẹ láti pa ọmọ ìjọ rẹ́?"

"Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, Bàbá."

"Gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé gbogbo ìyókù, àwọn fúnra wọn ni yóò kọ́ ọ: ohunkóhun tí Ọmọ Ìjọ kan gbọ́dọ̀ lè dáhùn nípa ara rẹ̀, wọ́n máa kọ ọ́ mọ́ mọ́dẹ̀lì náà lára. Mẹ́tọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Zechariah ní òun máa pè é ní àṣẹ. Odindi ìgbà òjò ni wọ́n fi ṣe é, tí ọmọ ń bèèrè, tí baba ń pàṣẹ, tí ọmọ ń kọ. Àṣẹ kan ń ṣírò iye ọdún tí èèyàn ti lò nínú ìjọ. Àṣẹ kan ń wo ẹni tí a kò rí fún Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin: orúkọ rẹ̀ á bọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ abẹniwò, fóònù rẹ̀ á sì gba ìkìlọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n dé orí orúkọ ìpè.

Kò sẹ́ni tó jẹ́ dìde nínú ìjọ yẹn kó pe obìnrin tó ti bímọ ní Mary. Ìyá lágbájá ni, Bàbá lágbájá ni, orúkọ àkọ́bí. Django kò mọ ìyẹn. Ọláníkẹ́ wá kọ àṣẹ kan pé kí Ọmọ Ìjọ wo àwọn ọmọ rẹ̀, kó mú èyí tó dàgbà jù, kó fi Ìyá tàbí Bàbá síwájú orúkọ rẹ̀. Wọn kò kọ èsì náà sílẹ̀ síbì kankan. Ìgbàkúgbà tí wọ́n bá bèèrè ni ìwé ń tún un rò. Ìkéde, ìkíni ọjọ́ ìbí, orúkọ àwọn tó máa ka ẹ̀kọ́, ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ń bèèrè.

"Bí àkọ́bí bá kú ńkọ́, Bàbá?"

"Ọmọ tó kàn."

"Lójú ẹsẹ̀?"

"Ìgbà wo lo fẹ́ kó jẹ́? Lẹ́yìn ìkórè?"

"Ẹ jẹ́ kó bi òbí náà. Kó ní, báwo lẹ ṣe fẹ́ ká máa pè yín?"

"Ìwé wo ló ń bi èèyàn léèrè? Ká máa pariwo orúkọ òkú létí ìyá rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣé àánú nìyẹn? Ọmọ tó kàn. Kọ ọ́."

Ọláníkẹ́ wò ó díẹ̀. Ó kọ ọ́. Ìlà méjì péré ni.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ìlà méjì náà bá ni Mary, obìnrin Ìlápòrú tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin obìnrin. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí Ìyá Abigail. Abigail kú ní oṣù Kẹfà ọdún 2017. Zechariah fi ọjọ́ náà sínú ìwé bó ti tọ́, nígbà tó sì di Ọjọ́ Àìkú, ó ka ohun tó bá lórí ìkéde: "Ẹ̀kọ́ kejì, Ìyá Simeon."

Kò sẹ́ni tó dìde. Ó tún un kà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn, bóyá àlejò kan wà. Mary jókòó síbi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ lórí Bíbélì. Nígbẹ̀yìn, Zechariah fúnra rẹ̀ ló ka ẹ̀kọ́ náà.

Obìnrin náà dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Akọ̀wé, ta ni ẹ ń pè lẹ́ẹ̀kan?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló sọ mí lórúkọ?"

"Ètò ni. Kò sẹ́ni tí kò ní kàn."

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ipò olórí akọrin sílẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn, nítòsí fèrèsé. Ọláníkẹ́ bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Bàbá, ìlà méjì péré ni, mo lè yí i." Zechariah ní kó má fọwọ́ kàn án.

Ní ọdún 2019 wá rèé, ọjọ́ ikú kan wà nílẹ̀ tí akọ̀wé kò kọ. Òun nìkan ló ní àyè láti kọ ọ́. Bó ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe é nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà máa pa èèyàn nínú ìwé ìjọ bó ṣe wù ú. Ó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bó bá ti tẹ ọjọ́ náà síbẹ̀, kí ó tó mú ọwọ́ kúrò, yóò ti di Bàbá Bùsúyì. Bùsúyì ni ọmọkùnrin rẹ̀, àbúrò Ọláníkẹ́, káfíńtà. Zipporah ìyá wọn ti kú tipẹ́. Zechariah kò ní nǹkan kan sí Bùsúyì. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń jẹ́ orúkọ kan, ó sì dà bíi pé orúkọ náà nìkan ni wọn kò tíì sin. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á ṣí ojú ìwé náà, á wo àyè tó ṣófo, á sì pa á dé.

Ìwé, ní tirẹ̀, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kú. Lẹ́yìn Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin, ní àárọ̀ Sátidé kan, ẹgbẹ́ abẹniwò dé. Alàgbà Nathaniel ló ṣáájú wọn, Ìyá Adéṣọlá tẹ̀ lé e.

"Wẹ kú ilé o, Akọ̀wé."

"Ẹ káàbọ̀. Ta lẹ wá wò?"

Nathaniel wo Ìyá Adéṣọlá. Ìyá Adéṣọlá wo ògiri.

"Ó wà nínú ìwé," ni Nathaniel wí, ó sì na bébà náà bí ẹni tó ń fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé èèyàn lọ́wọ́. "Ẹnì keje."

Zechariah ka orúkọ ẹnì keje. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ gbé pósí," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ wà níbi ẹsẹ̀."

"Èmi ni."

"Ẹ wá wá bẹ̀ ẹ́ wò."

"Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ ṣòfin. Ẹ ní ẹnikẹ́ni tó bá ti wà nínú ìwé, bó ti wù kó rí, a gbọ́dọ̀ dé ilé rẹ̀. Ní oṣù Kejì, ẹ dá wa padà sí ìlú Awa nítorí ọkùnrin kan tí gbogbo wa mọ̀ pé ó wà ní Ítálì. A lọ. A kan ilẹ̀kùn."

Òótọ́ ni. Zechariah ní kí wọ́n jókòó, ó sì fún wọn lómi. Wọ́n mu ún tán pátápátá, bí ẹni tí a fún ní oògùn. Lẹ́yìn náà ni Nathaniel mú báírò jáde.

"Ó ku ohun tí a máa kọ. Mẹ́rin ni ẹ fi síbẹ̀: ó ń ṣàìsàn, ó rìnrìn àjò, ó kó lọ, ó ti fà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́."

"Kò sí èyí tó bá a mu."

"Bí a bá fi sílẹ̀ lófìfo, á tún jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni Ìyá Adéṣọlá wí. "Ẹ má bínú, Bàbá Ọláníkẹ́. Ẹ jẹ́ ká fàlà sí ìrìn àjò. Ìyẹn kò burú jù."

Wọ́n fàlà sí ìrìn àjò. Níbi tí wọ́n ti kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀, Nathaniel kọ pé a kò mọ̀, ó sì buwọ́ lù ú.

Wọn kò tíì jáde tán nígbà tí fóònù dún nínú yàrá. Fóònù Ọláníkẹ́ ni. Zechariah kì í jẹ́ kí iná tán nínú rẹ̀. Ó wọlé lọ kà á. "Arábìnrin Ọláníkẹ́, a kò rí yín. Ẹ má jẹ́ kí àyè yín ṣófo." Ọláníkẹ́ ló kọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ní tábìlì tó wà nínú yàrá yẹn, tí baba rẹ̀ sì sọ pé ó ti rọ̀ jù.

Ní ọjọ́ Ajé, Zechariah lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Mùbàṣírù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá Ọláníkẹ́ kẹ́kọ̀ọ́, ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà yunifásítì, òun ló sì ń bójú tó ìwé ìjọ náà látìgbà tí Ọláníkẹ́ kú. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá Ọláníkẹ́, ẹ káàárọ̀ sà. Ọlọ́hun á tù yín nínú."

"Àmín. Mo fẹ́ kí o yọ ọmọ náà kúrò nínú àwọn tí wọ́n ń bẹ̀ wò."

"Ẹ fi ọjọ́ ikú sí i, Bàbá. Ó parí."

"Mi ò fẹ́ fi ọjọ́ ikú sí i."

Mùbàṣírù ṣí kọ̀ǹpútà, ó kà fún ìgbà díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. "Ó ti yé mi. Ojú ibì kan náà ni àṣẹ méjèèjì ń wò. A kò lè sọ pé ó kú fún ẹgbẹ́ abẹniwò, kó má kú fún orúkọ yín." Ó fa ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ iwájú. "Ọláníkẹ́ kọ ọ̀rọ̀ kan sórí àṣẹ orúkọ. Kì í ṣe fún ẹ̀rọ, fún ẹni tó bá wá tún un ṣe ni."

"Kà á."

"Ó ní: 'Bàbá ló ní kó rí báyìí. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ yí i, kó lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ Bàbá.'"

Zechariah yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà.

"Ẹ wò ó," ni Mùbàṣírù wí pẹ̀lẹ́, "mo lè fi ìlà kan sí i. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí ó fi àkọ́bí sílẹ̀ bó ṣe wà, yálà ó kú tàbí kò kú. Ìṣẹ́jú méjì. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Kì í ṣe pé kò wu Zechariah. Ó wù ú débi pé ó di etí tábìlì mú. Ṣùgbọ́n ó bèèrè pé, "Àwọn mélòó ni àṣẹ yìí ti yí orúkọ wọn padà?"

Mùbàṣírù bi ìwé. "Mọ́kànlá. Bí ẹ bá bọ́ sí i, ẹ di méjìlá. Ìyá Simeon ni ẹni àkọ́kọ́."

"Kọ ọ́ fún gbogbo wọn. Kó máa bèèrè lọ́wọ́ òbí."

"Bí Ọláníkẹ́ ṣe fẹ́ ẹ gan-an?"

"Mi ò bi ọ́ léèrè ẹni tó fẹ́ ẹ."

"Ẹ má bínú, sà." Mùbàṣírù ti ń tẹ̀ ẹ́. "Àwọn tó bá kú láti òní lọ, ìwé á bi òbí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn mọ́kànlá yìí, ọ̀rọ̀ wọn ti kọjá. Ẹnì kan ní láti lọ gba èsì lẹ́nu wọn. Ta ló máa lọ?"

"Iṣẹ́ akọ̀wé ni."

Láti Àgọ́-Ìwòyè ló ti yà sí Ìlápòrú. Mary jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú atẹ. Zechariah dúró, ó bọ́ fìlà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá..."

Ó ká fìlà náà mọ́wọ́.

"Ìyá ta ni?" ni obìnrin náà wí, láì gbójú sókè. "Ẹ parí ẹ̀, Akọ̀wé. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ìwé lọ́wọ́."

"Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Ó sọ ọ́ fún un bó ṣe jẹ́, kò fi kún un, kò yọ kúrò: pé àṣẹ òun ni, pé Ọláníkẹ́ kò fẹ́ ẹ, pé àwọn ti yí i padà láàárọ̀ yìí, kó sọ bó ṣe fẹ́ kí ìjọ máa pè é. Mary ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lọ.

"Ó di ìgbà tó dé ilé yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí ọmọ yẹn bá wà láàyè, ṣé ẹ máa wá?"

Zechariah rò ó. "Rárá," ó ní.

Obìnrin náà wò ó nígbà náà, ó sì fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sí i. "Ẹ jókòó. Ẹ ò tiẹ̀ purọ́." Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí ìró rẹ̀. "Oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fi dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bí wọ́n bá ní Ìyá Simeon, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọjọ́ kan ni Simeon bá mi nídìí omi. Ó ní, 'Ìyá, ṣé orúkọ mi kò dára ni?' Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kò sẹ́ni tó fi orúkọ rẹ̀ pè mí rí láyé rẹ̀. Abigail ṣáá ló ń gbọ́. Látọjọ́ náà ni mo ti ń dáhùn."

"Kí ni kí n wá kọ?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, kí ni n ó ní ó ṣe? Àmọ́ kì í ṣe pé mo dárí jì yín o. Ẹ má kọ ìyẹn sínú ìwé."

"Kò sí àyè fún un," ni Zechariah wí, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú tó dà bí ikọ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi dé ilé àwọn mẹ́wàá yòókù. Mẹ́fà gba orúkọ àkọ́bí wọn padà. Mẹ́ta ní kó fi í sílẹ̀. Bashiru bíríkìlà, tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ, tí òun sì ń kírun, ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun wà nínú ìwé ìjọ, kí wọ́n jọ̀ọ́ yọ òun.

Ó ku ẹnì kan. Zechariah lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bùsúyì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ náà ń fá pákó, ó dúró nígbà tó rí baba rẹ̀, nítorí baba rẹ̀ kì í wá síbẹ̀.

"Ìwé ìjọ máa bi mí bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n máa pè mí," ni Zechariah wí. "Mo fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dára fún ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá sọ ọ́ kí o tó gbọ́."

Bùsúyì gbọn èérún pákó dànù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń pariwo Bùsúyì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ibi tí Bùsúyì wà. Mi ò ní í sinmi lọ́wọ́ Alàgbà Nathaniel."

"Ìwọ náà ti tó ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ wò. Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin."

"Ẹ rí i?" Ó padà sídìí pákó, ó sì dojú kọ ògiri. "Èmi náà, Bàbá Ọláníkẹ́ ni mo máa ń pè yín bí mo bá ń sọ̀rọ̀ yín níta. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí ẹ ń jẹ́."

Zechariah lọ sílé. Ó ṣí ojú ìwé ọmọ rẹ̀, ó tẹ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta síbẹ̀. Ìwé náà bi í pé báwo ni ẹ fẹ́ kí a máa pè yín. Akọ̀wé tó ti sọ pé kò sí ìwé tí í bi èèyàn léèrè dá ìwé lóhùn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì lé orí itan. Lẹ́yìn náà ni ìlà mìíràn ṣí, èyí tí ìjọ ń kọ fún gbogbo olóògbé kí ẹbí má baà jà: ohun tó fi sílẹ̀. Zechariah kọ ọ́ báyìí:

Sùtánà funfun méjì, ọ̀kan ya lábẹ́ apá.
Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, bọ́tìnnì méjì ti bọ́ lára rẹ̀.
Fóònù kan, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.
Bàtà mẹ́rin, ti ẹsẹ̀ òsì kan kò sí.
Ìdajì àpò gaàrí, ní yàrá tó gbà ní Àgọ́-Ìwòyè.
Kọ́kọ́rọ́ kan tí a kò mọ ilẹ̀kùn rẹ̀.
Àwòrán ìyá rẹ̀ nínú férémù.
Àṣẹ mọ́kàndínlógún lára Ọmọ Ìjọ. Èyí tó gbẹ̀yìn, orúkọ nìkan ló ní, kò tíì kọ nǹkan kan sínú rẹ̀.
Àbúrò kan, ọkùnrin.
Agboòrùn dúdú kan, ti ẹlòmíràn.